Gbèsè Ilé-Ẹ̀kọ́: Ẹ Má Fi Owó Ọjà San Án

Ọ̀rọ̀ gbèsè tí a jẹ nítorí ilé-ẹ̀kọ́ la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtìyàwó kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ lọ kọ́ṣẹ́ ní Kutonu. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ò tó, ó bá yá 100,000 sẹ́fà lọ́wọ́ olówó èlé. Ó ti jáde báyìí, iṣẹ́ tó kọ́ ò tíì yọjú, zémijàn ló ń gùn. Ìyàwó ń ta epo pupa. Ọmọ wọn ò tíì pé ọdún kan.

Oṣooṣù ni olówó ń gba 10,000, èlé nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ti san 120,000, síbẹ̀ 100,000 ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Èlé ni wọ́n ń bọ́, wọn ò tíì fọwọ́ kan gbèsè!

Ibo lowó náà ti ń wá? Inú owó ọjà ìyàwó ni. Kẹ́ẹ̀gì epo márùn-ún ló ń rà tẹ́lẹ̀, ó di méjì. Èrè rẹ̀ ò tó ra oúnjẹ ọmọ mọ́. Ni ọkọ bá tún lọ yá òmíràn ní bòńkẹ́lẹ́. Báyìí ni gbèsè kan ṣe ń bí èkejì.

Kí ni ká ṣe?

Èkíní, kí tọkọtìyàwó jókòó, kí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀: ta ló ni ín, èló ni, èló ni èlé rẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ fún ara yín.

Èkejì, ẹ tọ olówó lọ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa yọ díẹ̀ lára ojúlówó gbèsè nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá san. Ẹ san púpọ̀ nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, ẹ san díẹ̀ nígbà tó bá wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀. Inú èrè la ti ń san gbèsè.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí èlé rẹ̀ le jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa. Bí èésú bá kàn yín, ẹ kó o síbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: láti ọdún 2014, ilé owó-yá kéékèèké tó níwèé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè wa ò gbọdọ̀ gbà ju 24 lórí 100 lọ lọ́dún. Lórí 100,000, ìyẹn ò ju 24,000 lọ. Ẹ fi wé 120,000! Ṣùgbọ́n ẹ béèrè gbogbo iye tẹ́ ẹ máa san kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.

Ní Nàìjíríà tó múlé tì wá, owó-yá akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú ni sísan rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ nìkan ló wà fún. Àmọ́ ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ yáwó fún ọmọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí sísan máa bẹ̀rẹ̀, àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi san án.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: Èló ni owó ọjà yín gan-an, èló sì ni èrè? Ta ló mọ gbèsè yín nínú ilé?

Ó dàbọ̀ o. Ká má rí ìjà gbèsè.