Bí Rorẹ́ Bá Bo Ojú Lẹ́yìn Ìpara Tuntun

Ọ̀rọ̀ ara la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú, torí pé owó wa la fi ń ra ohun tó ń ba ojú wa jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọbìnrin kan ń múra sílẹ̀ de ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ra ìpara lọ́jà, ó ń fi pa ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú ń dán, gbogbo èèyàn ń yìn ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, rorẹ́ wẹ́wẹ́ tí gbogbo wọn rí bákan náà bo iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àyà. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Ìyẹn ní, “Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde yẹn. Má dáwọ́ dúró.” Ó tún ta ọṣẹ kan lé e fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú ọmọ náà, ó pa gbogbo rẹ̀ tì. Àfi bí ojú ṣe tún burú sí i lọ́jọ́ kẹta! Ó ń yún un, ó ń ta á, ó wú. Ló bá sọ pé, “Ẹ ò rí i? Ìpara yẹn ló ń bá mi dì í mú.” Ó tún gbé e.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdẹkùn náà wà, ẹ̀yin ará.

Kì í ṣe ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde. Lára wa, ihò kéékèèké wà níbi tí irun ń gbà hù. Ọ̀rá ara ń gba ibẹ̀ jáde kí ara má bàa gbẹ. Bí ohun tó nípọn bá dí ihò náà, ọ̀rá á há sínú, kòkòrò tí ojú ò lè rí á pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ á wú, á sì gba ọyún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi pòmáàdì tàbí àdí pa irun fi máa ń ní rorẹ́ ní iwájú orí, pàápàá bó bá wé gèlè mọ́ ọn látàárọ̀ dalẹ́.

Ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin wa yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìpara afúnra ló ní oògùn líle kan nínú tí wọ́n ń pè ní “corticoïde”. Oògùn gidi ni. Dókítà a máa fún èèyàn fún àìsàn ara, fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ó ń pa ara wíwú kíákíá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ojú kọ́kọ́ dán. Bó bá pẹ́ lójú, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì mú rorẹ́ jáde. Bẹ́ ẹ bá wá dá a dúró, wíwú tó ti ń bò mọ́lẹ̀ á gbérí, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Ìdádúró kọ́ ló ba ojú jẹ́ o. Gbèsè ìpara yẹn ni ara ń san.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kan yìí: *ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kún un.*

Ìkíní, ẹ pa gbogbo ìpara àti ọṣẹ tuntun tì. Ẹ má ra òmíràn láti fi wo ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi ìpara líle pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀, kó má dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Kó mú páálí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, torí ara ti lè gbára lé oògùn náà. Bí ó bá ti dá a dúró, tó wá rẹ̀ ẹ́ gidigidi, tó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kó má fi falẹ̀ rárá.

Ìkejì, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànìnkànìn. Ọṣẹ dúdú tó bá ń ta yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkẹta, ẹ má tẹ rorẹ́. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Àpá dúdú tó máa ń pẹ́ kó tó lọ, títẹ̀ ló sábà ń fà á.

Ìkẹrin, òrí dára fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi bo ojú tí rorẹ́ wà.

Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí kò dínkù, tàbí bí kókó ńlá tó ń dunni bá wà níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà ní fàmásì, bíi “peroxyde de benzoyle”. Aláboyún, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí kẹ́ ẹ tó lo oògùn rorẹ́ kankan.

Ó wá ku ti ọjà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìpara, ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀wé ka ara páálí fún yín. Bí ẹ bá rí “clobétasol”, “bétaméthasone”, “hydroquinone” tàbí “mercure”, ẹ dá a padà. Mẹ́kúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pa ọmọ inú oyún lára. Àdéhùn Minamata, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, ti fi ọdún 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe ìpara afúnra tó ní mẹ́kúrì àti fún kíkó o kọjá ẹnubodè. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọ ọ́ sára páálí. Fún ìdí èyí, àdàlù tí wọ́n pò sínú ike tí kò ní orúkọ, èyí tí wọ́n ń pè ní “mélange”, ẹ má ra á rárá.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, a ò bá yín jà o. Oníbàárà tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ kò ní padà wá. Ẹ ta èyí tẹ́ ẹ lè fi pa ọmọ tiyín.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ojú náà ń fẹ́ ẹ̀sọ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:
1. Ìpara wo ló wà nílé yín báyìí? Ẹ mú páálí rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ jọ kà á.
2. Kí lẹ máa sọ fún ọmọ tí wọ́n ní kó má dáwọ́ dúró?
3. Ta ni nínú yín tó máa bá a dé ilé ìwòsàn?

Ó dìgbà kan ná o.