Ọkọ̀ Tí Kì Í Tètè Dáhùn: Bí A Ṣe Lè Mọ Àìsàn Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣàdédé kọ iṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó ti ń fi àmì hàn tipẹ́. Lónìí yóò lọ́ra díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, olówó rẹ̀ a sì máa wí pé, “Kò burú, ó ṣì ń gbéra.” Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ tí aboyún ń rọbí, tàbí tí gìrì mú ọmọdé, ni yóò kọ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá tọ́jú àìsàn kékeré kì yóò rí ńlá.

Ohun mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù ń fẹ́ kí ó tó gbiná: agbára tí yóò kọ́kọ́ yí i, epo, afẹ́fẹ́, àti iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta. Láti inú bátìrì ni sítátà ti ń gba agbára tí ó fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kù díẹ̀ káàtó, ọkọ̀ yóò lọ́ra.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi etí sílẹ̀

Oríṣi ìlọ́ra méjì ni ó wà. Nínú èkíní, ẹ́ńjìnnì ń yí pẹ̀lú ìnira, bí arúgbó tí ń gun òkè. Èyí ń tọ́ka sí bátìrì, wáyà rẹ̀, tàbí sítátà. Nínú èkejì, ẹ́ńjìnnì ń yí kánkán, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kí ó tó gbiná. Èyí ń tọ́ka sí epo, afẹ́fẹ́, tàbí púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè ra bátìrì titun nígbà tí ó jẹ́ pé asẹ́ epo ni ó dí: owó yóò lọ, àìsàn yóò sì kù síbẹ̀.

2. Bí ó bá ń yí pẹ̀lú ìnira

Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá ṣókùnkùn gidigidi, bátìrì ni ó rẹ̀, tàbí wáyà kò di orí rẹ̀ mú dáradára. Bí iná kò bá yí padà, tí sítátà sì ń dún “kọ́” lásán, ẹ jẹ́ kí réwáyà wo sítátà àti wáyà rẹ̀.

Ẹ wo orí bátìrì. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé níbẹ̀, òun ni ó ń dí agbára lọ́nà. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tú wáyà dúdú ṣáájú, lẹ́yìn náà pupa. Ẹ po ṣíbí kan sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó mọ́ ife omi kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ orí náà, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ dá wáyà pupa padà ṣáájú, dúdú kẹ́yìn, kí ẹ sì fi faselíìnì díẹ̀ pa á.

Mítà réwáyà yóò sọ ìyókù. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi di òwúrọ̀, a máa fi bíi fóòtì 12.6 hàn, 12.2 jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ alternator tí ń dá agbára padà sínú bátìrì ni kí a yẹ̀ wò, nítorí pé bátìrì titun pàápàá yóò kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru a máa tètè sọ bátìrì di ògbólógbòó; nítorí náà, ẹ máa gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ìbòòji.

3. Bí ó bá ń yí kánkán, tí kò sì gbiná

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná ojú ọkọ̀ yóò fi tàn, ẹ dúró díẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó wá yí i dé òpin. Nínú ọkọ̀ tí ó ní pọ́ǹpù epo oníná, bí ó bá dáhùn lójú kan náà, ó ṣeé ṣe kí epo máa padà sínú táǹkì ní òru. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo pọ́ǹpù náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wo asẹ́ epo, àti asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ń dí. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò: bí ó bá pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ, ó dára, bí èédú bá bò ó, epo ń pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kéré, bí ó bá tutù fún epo, ó lè jẹ́ pé kò ta iná.

4. Ìkìlọ̀ fún ìlera

Ẹ má ṣe yí sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bátìrì lè gbiná: ẹ má ṣe gbé fìtílà tàbí sìgá sún mọ́ ọn. Bí omi inú rẹ̀ bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án pẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a tì. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo láti inú táǹkì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì, kí epo má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ

Kí ni ohun mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́?
Wáyà wo ni a ń tú ṣáájú, èwo ni a sì ń dá padà kẹ́yìn?
Èéṣe tí kò fi yẹ kí a ra bátìrì kí a tó fi etí sílẹ̀?