Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan SSD Olówó Pọ́ọ́kú fún Kọ̀ǹpútà Ilé

 Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣì wà lórí ìjókòó kíláàsì, nígbà tí àwa wà ní ipò yín, kò sí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni àwa àgbà pàápàá ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹbí àti àwòrán ìgbéyàwó ọmọ sí. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ nípa ohun tí ń pa gbogbo ìwọ̀nyí mọ́, pàápàá fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀.

Hard disk tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní àwo pẹrẹsẹ tí ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá kékeré kan a sì máa lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a bèèrè. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́ kí ó tó dìde. SSD kò ní ohunkóhun tí ń yí. Orí irú ohun tí ó wà nínú fíláàṣì ni ó ń kọ nǹkan sí. Bí hard disk láàpútọ́ọ̀pù bá ń ka nǹkan bí 100 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD tí kò wọ́n lè ka 500. Kọ̀ǹpútà ọlọ́dún mẹ́wàá tí ẹ ti fẹ́ sọ nù lè tún wúlò bí ẹ bá pààrọ̀ ohun kan yìí nínú rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: Ẹ mọ ibi tí yóò wọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni SATA oní-ínǹṣì 2.5, tí ń wọ ibi tí hard disk láàpútọ́ọ̀pù wà tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó kù, M.2 SATA àti M.2 NVMe, jẹ́ pẹlẹbẹ tóóró, tí ó sábà máa ń fẹ̀ ní mìlímítà 22, tí ó sì gùn ní 80. Àwọn méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ojú ihò tí ó gba ọ̀kan lè máà gba èkejì. Bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò ṣeé wọ̀ rìn. Nítorí náà, ẹ ka ìwé tí ó bá kọ̀ǹpútà yín wá, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ṣí i wò, kí ẹ tó náwó. NVMe lè ka 3,500 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ lẹ́tà, tí ó sì ń wo fídíò, kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: Ẹ wo inú ju ara lọ. Bí a bá kọ TLC sí i, bíìtì mẹ́ta ni ó ń kó sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. QLC ń kó mẹ́rin. QLC dínwó, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbó, ó sì máa ń falẹ̀ nígbà tí a bá ń kó ẹrù ńlá sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó wọn bá súnmọ́ ara, TLC ni kí ẹ mú. Gígábáìtì 240 tó fún ìwé kíkọ. 480 tàbí 500 ni yóò tó ìdílé. Ẹ má sì ṣe kún un dé ẹnu. Ẹ má sì bẹ̀rù pé yóò tètè gbó: Kingston A400 oní-gígábáìtì 480, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé a lè kọ 160 térábáìtì sí. Bí ẹ bá ń kọ 20 gígábáìtì sí i lójoojúmọ́, 8,000 ọjọ́ nìyẹn, ó lé ní ọdún 21.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a rí SSD kan lórí àtẹ, a kọ 2 térábáìtì sí i lára, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. A kà á sí oríire. Àwòrán tí àwọn akẹgbẹ́ wa fi ránṣẹ́ fún ìwé ìrántí sẹ́ẹ̀tì wa ni a kó sínú rẹ̀, a sì pa ti orí fóònù wa rẹ́, nítorí a gbà pé wọ́n ti wà níbi ààbò. Nígbà tí ọjọ́ ìtẹ̀wé dé, orúkọ gbogbo àwòrán pé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ṣí. Òfìfo ni ìyókù. Irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ láti parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Àyè kékeré ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá kún, ohun tuntun a gorí ti àtijọ́, tàbí kí ó má tilẹ̀ délé rárá.

Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà ni a tún rí gbà. Ṣùgbọ́n opó akẹgbẹ́ wa kan tí ó ti di olóògbé fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí wa, láti orí fóònù tí ó bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ọkọ rẹ̀ wà nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ó gbé bọ́ọ̀lù sí abíyá. A lọ tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú. Ó burú. Nínú ìwé náà, orúkọ nìkan ni a tẹ̀ sí ipò rẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ ra ọjà lọ́dọ̀ ẹni tí yóò gbà á padà. Kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i, ẹ fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọn yóò kún un dé òpin, wọn yóò sì kà á padà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. SSD tí ó dára pàápàá lè kú lójijì láìpariwo. Bí a bá sì fi í sínú àpótí fún ọdún púpọ̀ láìfún un ní iná, ohun tí ó dì mú lè sá. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ hard disk tí ẹ yọ nù bí ó bá ṣì yè. Ẹ ra àpò USB fún un, kí ẹ fi ẹ̀dà kejì pamọ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà kẹta sí ilé ọmọ tàbí ti àbúrò. Ẹ má sì ṣe pa ti ibi kan rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí ti ibòmíràn, tí ẹ ó sì fi ojú ara yín rí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Irú SSD wo ni kọ̀ǹpútà ilé yín lè gbà?
2. Kí ni ìdí tí orúkọ fáìlì fi lè pé, tí inú rẹ̀ yóò sì ṣófo?
3. Èwo nínú àwòrán ilé yín ni kò ní ẹ̀dà kejì? Ìgbà wo ni ẹ ó ṣe é?