Ẹ Má Jẹ́ Kí Owó Ṣáájú Ojú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ra fóònù àti ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fẹ́ bá gbogbo yín sọ. Ọ̀rọ̀ páálí ni. Páálí tuntun tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tó ń dán gbinrin, tí ẹnì kan fi owó tó fi oṣù mẹ́fà tu jọ rà, tó wá ṣí i tó bá ọṣẹ, táìlì tàbí fùfú nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe bí mo ṣe dárúkọ fùfú. Lábẹ́ bíríìjì Ìkẹjà àti láyìíká Ọ̀tìgbà, níbi tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Fóònù gidi ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn ọ́. Wàá dì í mú, wàá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó jọ ná an. Ibi tí o ti ń ka owó ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kí o tètè kó o sápò, pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ìwọ náà á sì ṣe kíá, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá owó pọ́ọ́kú lé e ni ọkàn rẹ ti ń sọ fún ọ pé wọ́n jí i ni. Bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá wá ń ké sí mi létí, mi ò kì í bá wọn ké. Olè ni ẹni tó ta táìlì fún ọ, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ fẹ́ fi ẹrù olè ṣe? Ojúkòkòrò rẹ ni wọ́n fi mú ọ.

Kì í wá ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ló lójú kòkòrò. Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, gbé páálí wá sí ìsọ̀ kan ní Ọjà Igbó, níbi tí mo máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, pé kí wọ́n bá òun fi síìmù sí fóònù tuntun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí ọjà náà, ó ti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ọlọ́kadà ló sì gbé e wá bá a. Iye tó san kì í ṣe iye ẹrù olè, iye tí wọ́n ń tà á ní ìsọ̀ gan-an ni. Ọmọ tó ni ìsọ̀ ya ọ̀rá ara rẹ̀ níṣojú gbogbo wa. Ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó wà nínú rẹ̀. Ṣájà wà níbẹ̀, ojúlówó sì ni. Àfi ibi tó yẹ kí fóònù dùbúlẹ̀ sí. Ègé ọṣẹ ìfọṣọ méjì ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha etí rẹ̀ kó lè wọ àyè náà dọ́gba, wọ́n wá fi ìwé ìròyìn dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà máa mì. Ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ṣe é ni. Ó ní láti jẹ́ pé ó wọn ọṣẹ yẹn kó tó gé e, nítorí bí mo ṣe gbé páálí náà sọ́wọ́, bó ṣe yẹ kó wúwo ló ṣe wúwo. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó ní irú sùúrù yìí ìbá ti di káfíńtà tí a ó máa wá kiri.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ ní irọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí PlayStation 5, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá géèmù, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníbàárà Amazon kan tí wọ́n ti sanwó sílẹ̀ ṣí páálí wọn, oúnjẹ ológbò ni àwọn kan bá, ìrẹsì ni àwọn mìíràn bá. Amazon ní láti tọrọ àforíjì. Ní ọdún 2025, ní ìsọ̀ Micro Center tó wà ní Santa Clara, ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹnì kan ra RTX 5090 tí ilé-iṣẹ́ Zotac ṣe, èyí tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà kí àwòrán rẹ̀ lè já gaara. Iye rẹ̀ lé ní 2,000 dọ́là. Àpò kéékèèké tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ló bá nínú páálí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìsọ̀ náà yẹ ìyókù wò, wọ́n rí irú rẹ̀ tó lé ní 30. Ẹ fi ọkàn sí ibi tí mo ń lọ: àwọn tó tà á kò mọ̀. Wọ́n ti ṣe páálí yẹn báṣubàṣu kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí tilẹ̀ ni ohun tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yìí? Ọ̀rá ni. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè rà. Wọ́n á wé e mọ́ páálí, wọ́n á fi iná lẹ etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i lára títí yóò fi sún kì, tí yóò fún mọ́ páálí pinpin. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yẹn kò jìnnà sí wa. Orí tábìlì gbogbo ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló wà, òun ni wọ́n fi ń tú nǹkan kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú díẹ̀, páálí tí ọwọ́ ti wọ̀ á di páálí tí ọwọ́ kò wọ̀ rí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n á ra ojúlówó ní ìsọ̀ ńlá, wọ́n á yọ ohun inú rẹ̀, wọ́n á kó pàǹtí sí i, wọ́n á dì í padà, wọ́n á dá a padà fún ọlọ́jà pé àwọn kò fẹ́ mọ́, wọ́n á gba owó wọn. Ọlọ́jà tí kò yẹ̀ ẹ́ wò á tún gbé e sórí àtẹ. Ìwọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lo máa wá rà á.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ò yàtọ̀ sí páálí tí wọ́n dì pa. Wọ́n ti fọ́ páwà báńkì wò tí wọ́n bá iyanrìn nínú rẹ̀, tí wọ́n kó síbẹ̀ kó lè tẹ̀wọ̀n, bátìrì bíńtín kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fíláàṣì wà tí wọ́n kọ 2TB sí lára, tí kọ̀ǹpútà pàápàá máa ka 2TB, tó sì jẹ́ pé àyè tó wà nínú rẹ̀ kò tó 32GB. Wọ́n ti kọ́ ọ ní irọ́ pípa láti ilé-iṣẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ sí i, lọ́jọ́ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ fáìlì ló máa rí, kò ní rí ohun inú rẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé olè kò sí láyé àtijọ́. Wọ́n ń tẹ ìdí kọ́ńgò wọlé, wọ́n ń ká aṣọ kó lè dà bí ẹni pé ó pé ọ̀pá. Ohun tó yàtọ̀ ni ètò òwò náà. Ẹ wo àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe òṣómàáló. Wọ́n á kó aṣọ fún ọ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, wàá ti dá a, wàá ti wọ̀ ọ́ ròde kí ọjọ́ owó tó pé. Bí aṣọ náà bá ṣá, bí kò bá pé ọ̀pá, owó ọlọ́jà ló wà nínú ewu, kì í ṣe tìrẹ. Ìdí rèé tó fi ń wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Ọjà ló ń ṣáájú, ojú á yẹ̀ ẹ́ wò, owó ló ń kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa tó lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Gáná, tí wọ́n pọ̀ sí Tamale àti agbègbè rẹ̀ lápá àríwá. Ẹni tí wọ́n tajà fún lọ́jà yìí, òun náà ni wọ́n tún máa bá pàdé lọ́jà tó ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn ló fi ọjà sílẹ̀, tí wọ́n sì fi owó tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n tó wálé. Ẹ rò ó wò: oníbàárà ló jẹ ọlọ́jà ní gbèsè.

Lóde òní a ti dojú ètò yẹn dé. Kí o tó ṣẹ́jú, owó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o kò mọ ilé rẹ̀. Ọjà á dé lọ́jọ́ kẹta. Ojú á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ohun tí owó ti rà tán. Mi ò ní kí ẹ má rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgbà tó bá ní kí odò má ṣàn kàn ń fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ dá ojú padà síwájú owó níbi tí agbára yín bá ká a.

Bó bá jẹ́ ìsọ̀ lo lọ, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, ní kí wọ́n ya ọ̀rá, kí wọ́n tan fóònù. Tẹ *#06#. Nọ́mbà IMEI, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ fóònù tó ní òǹkà 15, ló máa jáde, méjì ni bí fóònù bá ń lo síìmù méjì. Fi wé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá bára mu, páálí ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún ọ. Kí ọlọ́jà kọ nọ́mbà yẹn sára rìsíìtì. Èyí tó bá ní tí o bá ti ya ọ̀rá o ti rà á nìyẹn, kí i pé ó kú ọjà, kí o máa lọ sí ìsọ̀ kejì.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n á gbé e wá bá ọ ni, ẹni tó gbà pé kí o san owó nígbà tí ọjà bá dé ni kí o kọ́kọ́ wá. Bí irú rẹ̀ kò bá sí, kí ẹnì kan máa fi fóònù ká fídíò láti ìgbà tí páálí ti wà ní dídì títí dé ìgbà tí ohun inú rẹ̀ fi jáde, kó má sì dá a dúró láàárín. Ṣe é níṣojú ọlọ́kadà, bó tilẹ̀ ń sọ pé òun ń kánjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ọlọ́kadà. Ohun tí wọ́n gbé fún un ló gbé wá.

Ẹ tún mọ̀ pé òfin wà. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò. Ọjà tí o kò láǹfààní láti rí kó tó dé, tí kò bá bá ohun tí ẹ jọ sọ mu, o lè kọ̀ ọ́ láàárín àsìkò tó bójú mu, kí wọ́n sì dá owó rẹ padà. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àkọlé tí ọlọ́jà lẹ̀ mọ́ ògiri, pé kò sí dídá owó padà, kò ju òfin lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọjà Igbó, ní Takié àti ní Ọjà Akẹ̀sán lọ́hùn-ún ní Ọ̀yọ́, ẹ má dúró kí oníbàárà tó ní kí ẹ ṣí i. Ẹ̀yin náà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kàn rà á ní ọjà Alábà ní Èkó ni. Bí ẹ bá ṣí i níṣojú oníbàárà, ẹ óò tètè mọ̀ bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì láti òkè, ẹni tó sì fẹ́ gbé fóònù lọ sílé kó tó padà wá sọ pé ọṣẹ lòun bá, kò ní rí ibi gbé e gbà.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ fóònù títún ṣe, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹnì kan á wá bá ọ lọ́jọ́ kan, á ní kí o bá òun fi ẹ̀rọ rẹ fẹ́ ọ̀rá mọ́ páálí mẹ́wàá péré, á sì fún ọ lówó tó ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ lọ. Kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n owó ńlá yẹn ti sọ fún ọ. Má bá a ṣe é. Lójú òfin, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ran olè lọ́wọ́, olè ni, àwáwí pé ọ̀rá nìkan lo fẹ́ sì lè má gbà ọ́ níwájú adájọ́.

Ẹni tí páálí kan sì wà nínú yàrá rẹ̀ báyìí tí kò tíì ṣí, tó ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ìbí ẹnì kan tàbí ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé, kó lọ ṣí i lónìí. Àsìkò tó bójú mu ni òfin wí, kò wí pé títí ayé.