Bí O Ṣe Máa Bá Bàbá Rẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Náà

Àdùkẹ́ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní kí n bá ọ bẹ bàbá rẹ kó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọ, pé bí o ṣe dárúkọ iye rẹ̀ báyìí, ńṣe ló dìde fi ọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi, ohun tí o ń béèrè tọ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, tó ní láti dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn kó tó rí kọ̀ǹpútà lò, ìyà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ padà lọ bá a. Àbúrò mi ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí mo bá pàṣẹ fún un, á gbọ́ torí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, á sì lọ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà kí n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Má sọ fún un mọ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ló ti ní in. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí i nínú. Létí ẹni tó ń ránṣọ mọ́jú nítorí owó ilé-ìwé, fáàrí lo ń wá. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò: lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn tó bá ti jẹun tán, má sì jẹ́ kó bọ́ sí àsìkò ọdún tí àwọn oníbàárà máa ń dúró tì í lọ́rùn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ń lo Butterfly ẹlẹ́sẹ̀, kò sí wàhálà bí ó bá jẹ́ ańkárá. Bí wọ́n bá gbé aṣọ òkè wá, abẹ́rẹ́ á máa kán, òwú á máa já, á tú u, á tún un rán. Ó dá àjọ títí tó fi ra ẹ̀rọ oníná. Gbogbo ilé ló pariwo lé e lórí nígbà náà pé owó yẹn pọ̀ jù, èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló fi ń tọ́ yín. Bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, kí o sì jókòó gbọ́ ọ tán. Bó bá parí, wá sọ fún un pé ibi tí Butterfly bá a dé yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà àyálò bá ìwọ náà dé.

Ṣùgbọ́n MacBook tí o dárúkọ yẹn, yọ ọ́ kúrò. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bá àwọn ayàwòrán ilé ṣiṣẹ́. Ó ní ó dára, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́, àmọ́ Windows ni wọ́n ṣe Revit tí ẹ fi ń ya ilé fún; AutoCAD ló ní ti Mac. RAM inú MacBook tuntun kò sì ṣeé fi kún lẹ́yìn tí o bá ti rà á. Ó ní kí o wá oní-Windows tí RAM rẹ̀ tó 16 GB, tó ní SSD. Bí bàbá rẹ bá rí i pé ìwọ fúnra rẹ lo fi èyí tó wù ọ́ sílẹ̀ tí o mú èyí tí iṣẹ́ ń fẹ́, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Ní ti owó, iye àtijọ́ ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Rọra ṣàlàyé fún un. Kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Òkè òkun ni kọ̀ǹpútà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Tòkunbọ̀ tó dára á dín owó náà kù, ṣùgbọ́n má dá nìkan lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà, má sì tẹ̀ lé ẹni tó bá ń fà ọ́ lápá lójú títì. Wọ inú ìsọ̀ lọ, gba rìsíìtì. Kí o tó sanwó, tẹ powercfg /batteryreport sórí kọ̀ǹpútà náà: á fi hàn ọ́ iye iná tí bátìrì náà ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Bí kò bá gba tó ìdajì mọ́, dá a padà fún wọn. Sọ fún bàbá rẹ pẹ̀lú pé ọ̀fẹ́ ni Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Revit àti AutoCAD, kó má baà rò pé owó mìíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí owó tí o ti rí níbi irun dídì wà lókè, bó ti wù kó kéré tó. Lẹ́yìn náà, gba téèpù bàbá rẹ, wọn ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀ yíká, kí o fi kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ yà á: ibi tí ẹ̀rọ máa wà, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ á gbà wọlé. Tẹ̀ ẹ́ jáde, mú un dání lọ. Kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rí, Àdùkẹ́. Owó ilé-ìwé nìkan ló ń rí.

Bó bá kọ́kọ́ ní òun ò lówó, má jiyàn, má sunkún. Fi ìwé náà sílẹ̀ fún un. Á pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n. Èmi á dá àjọ tèmi pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n má tíì sọ ìyẹn fún un.

Kí ìyá rẹ fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ