Ta ló ru ta?

Òjò ló sé mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ Sátidé kan. Àwọn ọmọ bíi mẹ́fà kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, ẹni tí ó di páàdì mú sì ń darí jagunjagun kan tí irin bò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Géèmù Halo ni, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2001. Jagunjagun náà fò láti orí òkè gíga, ó balẹ̀ gbì, ó sì sáré lọ bí ẹni tí ó kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó. Ọmọ kan ní, "Agbára aṣọ yẹn ló gbà á!" Nígbà tí ó rí i pé mò ń wò wọ́n, ó yíjú sí mi: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pe irú aṣọ báyìí ní Yorùbá?"

Mo ní ìhámọ́ra ni. Òjò dá, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Òkókómáíkò ni ọkàn mi ti ń bá mi wí, nítorí ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà kò pé.

Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà wò. Há, mọ́, ara: ohun tí ó há mọ́ ara. Ohun tí ó bá há mọ́ ènìyàn, ènìyàn náà ni ó ń gbé e kiri. Ìtàn Dáfídì inú Bíbélì fi èyí hàn kedere. Ẹ̀wù idẹ tí Gòláyátì wọ̀ jẹ́ 5,000 ṣékélì, ó tó nǹkan bíi kílò 55 lójú ìwọ̀n òde òní, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Sọ́ọ̀lù náà gbé ìhámọ́ra tirẹ̀ wọ Dáfídì, ọmọ náà gbìyànjú láti rìn, ìrìn kò ṣeé rìn, ó bá bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Irú ìhámọ́ra bẹ́ẹ̀ kò ní okun kankan tirẹ̀. Okun ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wíwọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni èdè wa ti ní ọrọ̀ tí ó ń bọ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lójoojúmọ́: wọ́n wọ fìlà, wọ́n wọ gèlè, wọ́n wọ ìró. Fìlà, dídé ni. Gèlè, wíwé ni. Ìró, ríró ni. Bàǹtẹ́, sísán ni. Òǹdè, síso ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ogun: jagunjagun a wọ gbérí, a dé àṣíborí, a di ìgbàdí mọ́ ìdí, a ki apá bọ ìfúnpá, a gbé apata lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí apata tí mo kọ yẹn, kò ní àmì kankan lórí. Àpáta ni òkúta ńlá, alápatà ni ẹni tí ń pa ẹran tà. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sábẹ́ fíìmù pé "ó gbé àpáta dí ọfà", ohun tí ó sọ ni pé jagunjagun náà gbé òkúta.

Ìfúnpá pàápàá, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Fún, apá: ohun tí ó fún apá pinpin. Awọ tí a di oògùn sí ni tẹ́lẹ̀, ara ohun tí akọni fi ń gbára dì. Lónìí, bí nọ́ọ̀sì bá ta aṣọ yí apá yín ká, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí tí apá yóò fi le, iṣẹ́ ìfúnpá náà ni ó ń ṣe, a sì ti ń pe àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìfúnpá gíga. Ọ̀rọ̀ kan kúrò lójú ogun, ó dé ilé ìwòsàn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀nà tí mo fẹ́ tọ̀ dé ọ̀dọ̀ aṣọ inú géèmù nìyẹn.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ bá mi dé Alábà ní òwúrọ̀, kí ẹ wo àwọn alábàárù. Ọkùnrin kan á fi òṣùká sórí, wọn á gbé fíríìjì rù ú, á sì máa kígbe "Ẹ yà! Ẹ yà!" láàárín èrò. Òṣùká yẹn kò dín ìwúwo fíríìjì kù rárá. Ohun tí ó ṣe ni pé ó tẹ́ ìwúwo náà ká orí, kí ó má baà gún un lójú kan. Ìwúwo dúró síbẹ̀, ìtẹ̀mọ́ ni ó dín. Láti orí, ẹrù náà gba ọrùn lọ sí ẹ̀yìn, ó gba ìbàdí lọ sí orúnkún, kí ó tó dé ilẹ̀. Gbogbo egungun ọkùnrin yẹn ni ó ń ru fíríìjì. Aṣọ inú géèmù yí ètò yìí padà: egungun irin rẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù dé ilẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń tẹ orúnkún irin tí ó sì ń nà án, ènìyàn kàn wà láàárín tí ó ń júwe ọ̀nà. Aṣọ náà kò há mọ́ ọn mọ́. Ó gbé e ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ru ta. Bí ènìyàn bá ń ru aṣọ, ó wọ̀ ọ́ ni. Bí aṣọ bá ń ru ènìyàn, ó bọ́ sínú rẹ̀ ni. Àwọn tí ó ṣe géèmù Fallout 4 ní 2015 mọ èyí dájú, nítorí nínú tiwọn, ẹ̀yìn aṣọ náà ń ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn, jagunjagun á bọ́ sínú rẹ̀, á sì pa dé mọ́ ọn. Ti Crysis ti 2007 fún mọ́ ara bí awọ. Ìyẹn, ẹ lè sọ pé wọ́n wọ̀ ọ́. Ọmọ wa náà kò sùn: Roye Okupe, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé ìwé alàwòrán E.X.O. jáde ní 2015, Wale Williams sì ni akọni rẹ̀ tí aṣọ bàbá rẹ̀ sọ di alágbára ní ìlú Lagoon City tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀.

Kì í ṣe àlá lásán. Láàárín 1965 sí 1971, ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní Hardiman. Ó wọn nǹkan bíi kílò 680, wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ lè gbé kílò 680 mìíràn sókè. Apá kan ṣoṣo ni ọwọ́ wọn ká. Bí wọ́n bá tan gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni ó ń gbọ̀n tí ó ń jà, wọn kò sì jẹ́ kí ènìyàn wà nínú rẹ̀ nígbà bẹ́ẹ̀. Ní Japan, Cyberdyne ṣe èyí tí ó ń jẹ́ HAL: ó ń gbọ́ iná díẹ̀díẹ̀ tí iṣan ń rán wá sí ojú awọ, á sì bá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le gbé ẹsẹ̀. Kò yìnbọn, kò fò. Nínú gbogbo wọn, òun ni ó wù mí jù.

Mo padà sí gbólóhùn ọmọ náà: "Agbára aṣọ yẹn ló gbà á." Agbára! Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mì. Mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) wọ ọkọ̀ láti gééti wọn ní Ọ̀jọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n fi Yorùbá pe orí mẹ́ta nínú ìwé wọn, energy, force àti power, agbára ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń dùn mí, torí ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀.

Okun ni ohun tí ó wà nípamọ́ nínú ara tàbí nínú ẹ̀rọ, èyí tí ó lè tán. Ipá ni ohun tí a fi ti nǹkan tàbí tí a fi fà á. Òun ni ó wà nínú "fi ipá ṣílẹ̀kùn". Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀: ipa ni ojú ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi sílẹ̀, òun náà ni a ń kó nínú eré, ìpá ni àìsàn tí ń mú ọkùnrin lábẹ́. Bí ipá bá ti sún nǹkan kúrò níbi tí ó wà, iṣẹ́ ti wáyé. Bí a bá ń bèèrè bí iṣẹ́ náà ṣe yá tó, ibẹ̀ ni kí agbára ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò dì í mú. Kí aṣọ náà àti ẹni inú rẹ̀ jẹ́ kílò 600. Kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan, mítà 3. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ tó 17,600 joule, ì báà sáré, ì báà fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Bí ó bá fi odindi ìṣẹ́jú kan gùn ún, agbára tí ó bá a lọ kò pé wáàtì 300. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àdúgbò mọ̀ dáadáa, tí ń gbé bíi wáàtì 650, yóò gbé e láìmí gúlegúle. Bí ó bá wá fẹ́ dé òkè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3, ó di wáàtì 5,900. Ó di jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ bíi mẹ́sàn-án tí yóò máa ké lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ kan náà ni, okun tí ó ná kò yí padà, agbára ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní agbára kò lè sọ gbólóhùn tí mo sọ tán yìí.

Okun náà ńkọ́, níbo ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí? Okun inú la fi ń gbé tìta. Òwe yìí bá ẹ̀rọ mu bí ó ṣe bá ebi mu, èdè wa sì ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́: jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo, fíríìjì ń fa iná. Oúnjẹ òòjọ́ àgbàlagbà, bíi kálórì 2,500, ní okun tí ó tó ti pawa báńkì 20,000 mAh bí ogójì. Epo bẹntiróòlù kílò kan ní okun ìlọ́po bí àádọ́ta ti bátìrì fóònù tí ó wọn kílò kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe géèmù fi ń dá orísun iná tí kò tíì sí sílẹ̀: bátìrì tí ayé ní wúwo púpọ̀ fún ìwọ̀n okun tí ó wà nínú rẹ̀.

"Gbà á" tí ọmọ náà sọ kò tọ́ pátápátá pẹ̀lú, mo sì ní láti sọ ọ́, nítorí irin kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdúró òjijì. Èdè wa ya ọ̀nà tí a ń gbà dé ilẹ̀ sọ́tọ̀: ẹni tí ó wà lórí ìdúró tí ó dojúbolẹ̀, ó ṣubú. Èso tàbí ènìyàn tí ó ti òkè wá sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀, ó jábọ́. Ọkọ̀ òfurufú balẹ̀, ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀. Láti mítà 20, jagunjagun náà yóò kan ilẹ̀ pẹ̀lú eré bíi kìlómítà 70 ní wákàtí. Bí ó bá dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 5, ipá tí ara rẹ̀ yóò gbà jẹ́ ìlọ́po 400 ìwúwo rẹ̀. Ẹ fi ẹyin sínú agolo mílíìkì, ẹ jù ú láti òkè: agolo kò ní fọ́, ẹ ṣí i wò. Bí ó bá rọ orúnkún irin náà, tí ó fi mítà kan dúró, 400 yẹn di 20. Orúnkún tí ó rọ̀ ni ó gbà á, kì í ṣe bí irin ṣe le tó. Ẹni tí ó rọ orúnkún ni mo lè sọ pé ó balẹ̀. Ẹni tí kò rọ̀ ọ́, ó jábọ́.

Orúkọ wá kù. Àwọn kan ń pè é ní ìhámọ́ra alágbára, ṣùgbọ́n ìyẹn sọ pé ìhámọ́ra náà lágbára, bí ti Gòláyátì náà ṣe lágbára. Kò sọ ohun tí ó ń ṣe fún ẹni inú rẹ̀. Èdè wa ní ìlànà kan fún irú rẹ̀: amúnisìn ń mú ni sìn, adánilárayá ń dá ni lára yá, apanilẹ́rìn-ín ń pa ni lẹ́rìn-ín. Èyí tí ó ń fún ni ní okun, afúnnilókun ni. Ìhámọ́ra afúnnilókun ni ó yẹ kí n sọ fún ọmọ yẹn ní Ìyànà-Ìbà, kí n sì fi kún un pé jagunjagun rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀.

Nínú Fallout 4, bí iná aṣọ náà bá tán, ìrìn jagunjagun á falẹ̀, kò ní lè sáré mọ́. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, ẹ yọ afúnnilókun kúrò lára orúkọ rẹ̀. Ìhámọ́ra lásán ni ó kù, jagunjagun ni ó sì ń ru ú.