Ọmọ Tó Kàn Ń Wo Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, níbi ìpàdé alájẹṣẹ́kù kan ní Igbókọ̀dá, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ fẹ́ gba ẹ̀yáwó ra fóònù tuntun fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 12, kí inú rẹ̀ lè dùn. Ọmọ náà kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí fóònù. Wíwò ló kàn ń wò, síbẹ̀ ó ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n jọ ń sọ. Ẹni tó ń wo àwòrán ẹlòmíràn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó lè máa fi ara rẹ̀ wé wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwòrán náà ni wọ́n ti tún ṣe. Ní 2021, ìwé inú ilé iṣẹ́ Facebook kan tú síta: ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́mọbìnrin sọ pé bí ìrísí ara àwọn kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, Instagram a tún dá kún un.

Ọkùnrin ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé láàrin ọdún 11 sí 13, obìnrin tó bá ń pẹ́ sí i lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ a máa dín kù lọ́dún kejì. Ti ọkùnrin jẹ́ ọdún 14 sí 15. (Wákàtí ni wọ́n kà, wọn kò ya wíwò lásán sọ́tọ̀.) Nítorí náà, kí a gba fóònù ọmọbìnrin, kí a fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀, kò tọ́ rárá.

Mo ní kí ìyá náà dá ìwé ẹ̀yáwó dúró ná, kó jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó bi í pé àwòrán ta ni ó ń wò.